Ọ̀kan Ni Gbogbo Wọn

Ilé Àwọn Aṣọ́gbó,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Èmi wà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé báwo ni bàbá rẹ, sọ fún un pé ó wà. Mi ò ní nǹkan míì tí mo lè fi kún un.

Dẹ́rẹ́bà tó máa ń gbé oúnjẹ wá fún wa ló máa mú lẹ́tà yìí dé ìlú, torí o mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò wọ inú igbó yìí. Òun náà ló máa mú àpótí tí o ní kí n fi ránṣẹ́ lọ. Gbogbo ìgò kéékèèké inú ẹ̀ ti kún. Mo gun igi fúnra mi débi tí àwọn ìnàkí tẹ́ ìtẹ́ wọn sí, mo ṣa irun tó bọ́ sórí ewé tí wọ́n sùn lé, mo sì kó ìgbẹ́ wọn nísàlẹ̀ igi. Ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ orí mi ti kọjá igi gígun. Mo ní kó gbẹ́nu ẹ̀ dákẹ́, kó di àkàbà mú.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí, mo fẹ́ kó yé ọ dáadáa. Ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì wa ti sọ ọ́ gbangba pé bí ìnàkí inú igbó yìí bá ṣì pọ̀, wọ́n á dá ilé àwọn aṣọ́gbó sí, ká máa ṣọ́ wọn lọ. Bí wọn ò bá pọ̀ mọ́, wọ́n á tì í pa. Wọn ò gba ìtẹ́ tí mò ń kà gbọ́ mọ́. Wọ́n ní àfi ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣebí ọwọ́ ọmọ mi ni kọ̀ǹpútà wà. Ìtẹ́ kún orí igi lọ́tùn-ún lósì, ti òkè àti ti ẹ̀bá odò. Abilékọ nìkan ni mo ti fi ojú ara mi rí, ìyẹn abo kan tí mo sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ torí ó máa ń rọra ṣe bí ìyàwó ilé tí kò fẹ́ wàhálà. Ọkọ ẹ̀ ni mi ò tíì rí. Ó jọ pé ojú ń tì í.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo ní rárá. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, ibi gbogbo rí bákan náà lójú mi. Mò ń jẹun torí pé àsìkò oúnjẹ tó. Níbí, ó kéré tán mo níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bí wọ́n bá gba èyí náà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ nǹkan tí màá máa tìtorí ẹ̀ jí láàárọ̀.

Ìwọ náà, lẹ́tà rẹ kúrú jù. O máa ń kọ ọ́ bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Jọ̀ọ́, fi ọ̀rọ̀ sínú ìwé.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ bá mi kí ẹnìkejì yín, ẹ ní mo dúpẹ́ àkàbà. Àpótí yín ti dé láyọ̀.

Ẹ ní kí n fi ọ̀rọ̀ sínú ìwé, ó dáa. Yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ò ní fèrèsé. Àwọn fíríìjì ńláńlá tò sára ògiri, wọ́n ń kùn látàárọ̀. Inú wọn la máa ń kó irun àti ìgbẹ́ àti ìyẹ́ ẹranko tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa sí. Nínú irun kan ṣoṣo, bó ti wù kó kéré mọ, nǹkan kan wà tí à ń pè ní àbùdá. Ohun tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan jogún lọ́wọ́ ìyá àti bàbá ẹ̀ ni. A máa yọ ọ́ jáde, ẹ̀rọ á kà á, kọ̀ǹpútà á wá fi èyí wé tọ̀hún títí á fi mọ ẹranko tó ni irun kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó bá a tan. Bí a bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko á mọ ibi tó yẹ kí wọ́n sáré lọ.

Ṣùgbọ́n bàbá mi, ẹ ò wọ ìbọ̀wọ́. Mo kó ìbọ̀wọ́ rọ́bà sínú àpótí yẹn, ó sì padà wá bá mi nínú ọ̀rá ẹ̀, ẹ ò tú u rárá. Nínú àwọn ìgò kan, ènìyàn ni kọ̀ǹpútà rí. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bínú, ó ní ta lẹni yìí tó ń ki ọwọ́ bọ gbogbo nǹkan. Mo mú àbùdá tèmi tí mo fi máa ń dán ẹ̀rọ wò, mo fi wé e. Ìdajì ẹ̀ jẹ́ tèmi gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin ni. Mo jókòó, mò ń wò yín lójú kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ́ lọ gbọọrọ lórí ìlà. Mo rò ó pé ó yẹ kí nǹkan ṣe mí. Nǹkan kan ò ṣe mí. Mo pa yín rẹ́, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Àwọn ará ibí máa ń bi mí pé báwo ni nǹkan látìgbà tí màmá mi ti lọ. Èmi náà máa ń sọ fún wọn pé mo wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun ti kun yàrá náà.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ ti parí. Gbogbo irun àti ìgbẹ́ tí ẹ kó wá la yẹ̀ wò, ti òkè àti ti ẹ̀bá odò. Kọ̀ǹpútà ò ṣiyèméjì rárá. Ọ̀kan ni gbogbo wọn.

Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ bi mí léèrè púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Ọ̀gá mi obìnrin máa fi ìwé gan-an ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín bó bá ti kọ ọ́ tán. Ẹ tọ́jú ara yín.

Èmi ọmọ yín.


Ilé Àwọn Aṣọ́gbó,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin

Ọmọ mi àtàtà, ọmọ tó mọ̀wé!

O ṣeun, o ṣeun, o ṣeun. O ò ní rí ìjà iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà rẹ sókè fún ẹnìkejì mi, ó ní kí n tún un kà. Ọ̀kan ni gbogbo wọn! Ṣé mi ò sọ? Ìdílé kan ni wọ́n! Abilékọ, ọkọ ẹ̀ onítìjú, àwọn ọmọ, àwọn àbúrò ọkọ, gbogbo wọn ẹ̀jẹ̀ kan náà, àjèjì kankan ò sí láàárín wọn. Abájọ tí mi ò gbọ́ kí wọ́n jà rí. Nígbà tí gbogbo ilé bá ṣọ̀kan, ta ni wọ́n fẹ́ bá jà?

Dẹ́rẹ́bà gbé mi lọ sí ọ́fíìsì. Mo lọ aṣọ iṣẹ́ mi kó tó gbé mi, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí mo ti lọ nǹkan kan gbẹ̀yìn. Mo fi lẹ́tà rẹ lé ọ̀gá àgbà lọ́wọ́. Ó kà á, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, wọ́n ṣọ̀kan jù wá lọ ní ọ́fíìsì yìí o!" Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ó ní àwọn ò ní ti ilé aṣọ́gbó mọ́. Wọ́n tiẹ̀ ti ń kun pátákó tí wọ́n fẹ́ rì mọ́ ojú ọ̀nà: ÌDÍLÉ ÌNÀKÍ Ń GBÉ NÍBÍ, Ẹ RỌRA. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi "Ẹ rọra" sí i.

Lọ́nà tí à ń padà bọ̀, dẹ́rẹ́bà ní ta ló ń súfèé. Èmi ni. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan ló kù. Ọ̀gá àgbà fẹ́ mọ iye wọn. Kọ ọ́ ránṣẹ́ kíá: akọ mélòó, abo mélòó, ọmọdé mélòó. Má fi falẹ̀ o.

Èmi ni bàbá rẹ, ọ̀rẹ́ ọ̀gá àgbà.


Ilé Àwọn Aṣọ́gbó,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ṣé kò sí nǹkan? Dẹ́rẹ́bà ti wá, ó ti lọ, ó tún ti wá, kò sí lẹ́tà. Iye wọn ni mo ní kí o kọ, kì í ṣe ìwé ìtàn. Ọ̀gá àgbà tún bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní ó ń bọ̀ lọ́nà.

Pátákó ti dúró, ó rẹwà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ Abilékọ kiri kí n lè máa kà wọ́n fúnra mi. Mo dé òkè, mo dé ẹ̀bá odò, òun nìkan náà ni mò ń rí. Ó jókòó sórí ẹ̀ka, ó ń wò mí, èmi náà dúró nísàlẹ̀, mò ń wò ó. Mo bi í pé àwọn ará ilé ẹ̀ dà. Ó yí ẹ̀yìn sí mi.

Fèsì, jọ̀ọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo fà á ya, mo tún un kọ.

Ọ̀kan tí mo kọ sí yín, kì í ṣe ìdílé kan. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Gbogbo irun yẹn, gbogbo ìgbẹ́ yẹn, ti òkè àti ti ẹ̀bá odò, Abilékọ ló ni gbogbo ẹ̀. Kò sí ọkọ. Kò sí ọmọ. Ẹ mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ìnàkí máa ń tẹ́ ìtẹ́ tuntun, ó sì tún lè tẹ́ òmíràn lọ́sàn-án bó bá fẹ́ sinmi. Ewé tó fi tẹ́ ẹ kì í tètè gbẹ dà nù. Ibùsùn ẹnì kan lẹ ti ń kà látọjọ́ yìí. Ó yẹ kí n fi "ṣoṣo" sí i. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò sì tún un kà kí n tó fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo rí i pé inú yín dùn tó bẹ́ẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Ìwé ọ̀gá mi á ti dé ọ́fíìsì yín báyìí. Nọ́ńbà ló wà nínú tiẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe máa ṣì í kà.

Ọ̀rọ̀ ṣì kù. A fi àbùdá Abilékọ wé ti àwọn ìnàkí igbó mìíràn tó wà nínú kọ̀ǹpútà wa. A rí àwọn tó bá a tan. Wọ́n wà ní igbó tó wà lódìkejì odò ńlá, wọ́n pọ̀ níbẹ̀, àwọn aṣọ́gbó sì wà tó ń tọ́jú wọn. Ọ̀gá mi fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ bá wọn. Dókítà ẹranko á fi ìbọn abẹ́rẹ́ oògùn oorun yìn ín, wọ́n á sì gbé e nínú àgò lọ. Bó bá dá wà níbi tó wà yẹn, ibẹ̀ ló máa kú sí, gbogbo ohun tí àwọn ìyá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un á sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń sùn àfi ẹ̀yin. Wọ́n máa wá bẹ̀ yín. Mo bẹ̀ yín ṣáájú wọn.

Mo mọ̀ pé bó bá lọ, wọ́n á ti ilé aṣọ́gbó. Mo mọ nǹkan tí mò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe. Yàrá wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Èmi ọmọ yín.


Ilé Àwọn Aṣọ́gbó,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà

Ìwọ ọmọ yìí,

Mi ò kí ọ.

O dójú tì mí. Wọ́n ti wá hú pátákó. Ọ̀gá àgbà pè mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ èdè wa mọ́ ni?" Èmi! Èmi tí mo kọ́ ọ lọ́rọ̀ sọ! Ta ló máa ń kọ "ọ̀kan ni gbogbo wọn" nígbà tí kò sí gbogbo wọn kankan? Gbogbo ta ni?

Wọ́n ti wá bẹ̀ mí bí o ṣe sọ. Mo ní mi ò mọ ibi tó ń sùn. Kí wọ́n wá a fúnra wọn, ṣebí kọ̀ǹpútà mọ gbogbo nǹkan. Ta ló sọ fún ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé pé ẹni tó bá dá wà gbọ́dọ̀ kú? Abilékọ ń jẹ, ó ń mu, ó ń tẹ́ ibùsùn ẹ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ fẹ́ lọ yìn ín níbọn, kẹ́ ẹ jù ú sáàárín àwọn tí kò mọ̀ rí, ẹ ní ìbátan ni. Èmi náà ń dá gbé. Ṣé mo kú ni?

Kí ẹ̀gbọ́n rẹ máa kó ẹrù sínú yàrá ẹ̀. Má kọ̀wé sí mi mọ́ títí inú mi á fi rọ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ ní kí n má kọ̀wé. Mo kọ ọ́. Ẹ máa bínú.

Ẹ bi mí pé ṣé ẹ kú ni. Ó yẹ kí n ti fèsì wàràwàrà, kí n ní rárá o, ẹ ò ní kú, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ìkà ló máa jẹ́ bí mo bá parọ́. Mi ò mọ èsì ìbéèrè yín. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sí mi pé ẹ ń jẹun torí pé àsìkò oúnjẹ tó. Èmi náà ń lọ síbi iṣẹ́ torí pé ilẹ̀ mọ́. Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti pè mí pé màmá ti lọ, mi ò tíì sunkún. Lọ́jọ́ tí ẹ sin ín, tí mi ò rí ìwé àṣẹ ìrìnnà gbà láti wálé, mo wà níwájú fíríìjì, mò ń to ìgò. Mò ń retí ẹkún náà bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì. Kò dé.

Mi ò sọ pé ohun tó ń ṣe wá ló ń ṣe Abilékọ. Ẹranko ni, mi ò mọ inú ẹ̀. Nǹkan tí mo mọ̀ ò ju pé ó ní ìbátan, mo sì mọ ibi tí wọ́n wà. Òun ò mọ̀, kò sì ní mọ̀ láéláé bí ẹnikẹ́ni ò bá mú un lọ. Èmi àti ẹ̀yin mọ ibi tí ara wa wà, a ò lọ. Ẹ jẹ́ kí òun lọ.

Mo ti sọ tèmi tán.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kú àtijọ́. Mi ò rí èsì, mo sì ń kọ lọ. Ọ̀gá mi ní wọ́n ti gbé e, ó dé odìkejì odò láàyè. Kò sẹ́ni tó sọ ẹni tó mú dókítà débi tó ń sùn. Ṣé ẹ̀yin ni? Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ ò wá sọ́dọ̀ òun. Ó ní dẹ́rẹ́bà sọ pé ẹ ò fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ nǹkan kan sí mi, ì báà jẹ́ èébú.

Èmi ọmọ yín.


Ilé Àwọn Aṣọ́gbó,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Èmi ni.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo mú wọn débi tí Abilékọ ń sùn. Ó ṣì wà nínú ìtẹ́ ẹ̀. Dókítà ẹranko yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, ó wo ìsàlẹ̀, ó rí mi. Mi ò gbójú kúrò. Nígbà tó ṣubú sínú àwọ̀n, dókítà ní kí n wá di orí ẹ̀ mú kó má baà fi gbá nǹkan. Ọwọ́ ẹ̀ bọ́ sínú ọwọ́ mi. Ó gbóná, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ le bíi tàgbẹ̀. Ó ti hewú létí, mi ò mọ̀, torí ìsàlẹ̀ ni mo ti máa ń wò ó. Wọ́n gbé e sínú àgò, wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n lọ. Mo padà wálé, mo se ìrẹsì, mo jẹ ẹ́.

Àwọn aṣọ́gbó ọ̀hún ń ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa. Wọ́n ní inú ọgbà onírin ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, káwọn yòókù lè máa wò ó láti ìta. Kò jẹun dáadáa. Nígbà tó yá, abo kan ń ki ọwọ́ bọ àárín irin, ó ń ṣa nǹkan lára ẹ̀, òun náà sì jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n wá ṣílẹ̀kùn fún un. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, orí igi táwọn abo yòókù sùn sí ló tẹ́ tiẹ̀ sí. Ó dáa. O ṣe iṣẹ́ rẹ dáadáa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ.

Wọ́n ti ti ilé aṣọ́gbó pa bí wọ́n ṣe wí. Ẹnìkejì mi ti ríbi iṣẹ́ míì. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ àga àti bẹ́ẹ̀dì títí ọkọ̀ á fi wá kó wọn. Mo ṣì ń wọ aṣọ iṣẹ́ láàárọ̀, mo ṣì ń lọ yí igbó ká. Lánàá, mo dé ìdí igi tó ti máa ń sùn, mo gbójú sókè, mo pè é. Mo pè é, mo pè é, mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí mo dákẹ́ ni mo tó gbọ́ orúkọ tó wà lẹ́nu mi. Orúkọ ìyá rẹ ni mò ń pè.

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Omi ń jáde lójú mi, ariwo kan sì ń jáde lẹ́nu mi tí mi ò gbọ́ rí. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò fẹ́ dá wà mọ́, ọmọ mi.

Dẹ́rẹ́bà wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó ní òun lè gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo ní kó mú lẹ́tà yìí nìkan, kó máa lọ. Ìwọ ni mo fẹ́ rí.

Má fèsì lẹ́tà yìí. Wá mú mi.

Bàbá rẹ.